Oògùn Jẹjẹrẹ: Ìmúra Kì í Ṣe Ti Aláìsàn Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí etí ń fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ fún wa pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ni, pàápàá jùlọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń pè ní kẹmoterápì, tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ti gé kúrú sí kímò.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Àgbàmú, tàbí ní ibikíbi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa láti Ẹ̀sìẹ́ títí dé Òmù-Àrán, tí dókítà bá sọ fún un pé kímò ni yóò gbà, ìrìn-àjò ni ó kàn án. Ọ̀nà Ìlọrin ni púpọ̀ ń kọjú sí, sí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin tí ó wà ní Òkè-Òyì. Àwọn mìíràn a sì gba Ìbàdàn lọ sí UCH. Kì í ṣe ìrìn ẹ̀ẹ̀kan. Bí oògùn náà bá jẹ́ èyí tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, tí dókítà sì ní kí a gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Lílọ mẹ́fà, bíbọ̀ mẹ́fà, láì tíì ka ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ òní: kì í ṣe abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a múra dè, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni. Aláìsàn tí ó gba méjì tí ó sì dúró nítorí pé owó tán, tàbí nítorí pé kókó náà ti rọ̀ tí ó rò pé òun ti sàn, ti fi ààyè sílẹ̀ fún àrùn náà láti tún gbérí. Ìmúra yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ aláìsàn nìkan. Iṣẹ́ ilé ni, iṣẹ́ àwọn ará mọ́sálásí sì ni pẹ̀lú.

ǸJẸ́ KÍ Á GBÁRA LÉ ỌLỌ́RUN NÌKAN KÒ TÓ?

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé ṣé ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ tún nílò gbogbo wàhálà yìí. A dá a lóhùn pé Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kò kọ ìwòsàn fún wa. Ó rọ̀ wá kí á wá a, ó sì jẹ́ kí ó yé wa pé Ẹni tí ó dá àrùn ni ó dá oògùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbára lé Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná. Dókítà kò ní agbára ikú àti ìyè, òun náà kò sì sọ pé òun ní in. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Àwọn kan a sì máa sọ pé oògùn òyìnbó ni, kò bá ara wa mu. Ẹ wo òdòdó kékeré aláwọ̀ funfun tàbí elésè àlùkò tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, èyí tí ó kọ́kọ́ ti erékùṣù Madagásíkà wá. Inú ewé rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí oògùn jẹjẹrẹ méjì tí a ń lò káàkiri ayé títí di òní, láti nǹkan bí ọdún 1958. Ewé ni, ṣùgbọ́n ewé tí a ti wọ̀n, tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a sì mọ ohun tí ó lè bàjẹ́ nínú ara.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1958 kan náà ni Denis Burkitt, dókítà kan ní Uganda, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tí ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wà lára àwọn tí ó fi oògùn wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ojú ayé sì rí i pé oògùn nìkan lè mú kí kókó ńlá rọ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker, tí ó lókìkí láàárín àwọn oníṣègùn, dá a lọ́lá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1972. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ kímò, àwọn baba ìtọ́jú náà wà ní ìtòsí wa.

Ohun ìtìjú kọ́ sì ni. Olóògbé Alhaji Gani Fawẹ̀hìnmi, àgbà amòfin, Mùsùlùmí bíi tiwa, kò fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pamọ́ fún ará ìlú kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2009. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun fúnra rẹ̀ la jẹjẹrẹ ọmú já, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997 kí àwọn obìnrin má baà máa fi ọ̀rọ̀ yìí sínú aṣọ. Ẹni tí ó bá ń pa á mọ́ ń pa ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ni.

OHUN TÍ OÒGÙN NÁÀ Ń ṢE

Jẹjẹrẹ kì í ṣe kòkòrò tí ó ti ìta wọlé. Hóró ara wa fúnra wa ni ó kọ àṣẹ, tí ó ń bí sí i láìdúró. Kímò a máa gba inú iṣan tàbí ẹnu wọlé, a sì máa pa hóró tí ó bá ń bí kíákíá. Ṣùgbọ́n àwọn hóró rere kan náà ń bí kíákíá nínú ara: ti gbòǹgbò irun, ti inú ẹnu, ti ìfun, àti ti mùdùnmúdùn egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí èébì fi ń gbé ènìyàn, tí ẹ̀jẹ̀ sì fi ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe ayé ni ó ń ṣe é, kì í ṣe àfọwọ́fà. Oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú ìyà wọ̀nyí ni yóò sì kọjá nígbà tí ó bá parí.

KÍ A TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Kí a tó fún aláìsàn ní oògùn, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn yóò yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wò, fún àwọn oògùn kan wọn yóò sì yẹ ọkàn wò. Kí a bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítísì B wò, nítorí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì lè sùn sínú ara kí oògùn yìí wá jí i. Obìnrin tí ó ṣì ń bímọ, kí ó sọ bí ó bá lóyún tàbí bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Kò gbọdọ̀ lóyún ní àkókò ìtọ́jú. Ẹni tí eyín ń dùn, kí ó lọ tọ́jú rẹ̀ ṣáájú.

Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe àṣìṣe jùlọ ni ti àgbo. Aláìsàn yóò bọ́ sí iwájú dókítà, wọn yóò bi í pé kí ni ó ń mu, yóò ní òun kò mu nǹkankan, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò àgbo ń bẹ lórí ààrò nílé. Dókítà kò bèèrè kí ó baà lè bú u. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí yóò gbé kímò jáde ni àgbo náà yóò tún dì lẹ́rù. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ti ewé, ti àgúnmu, ti oògùn oníṣirò tí ẹ rà lọ́jà, kí ẹ sì dúró lórí ohun tí wọ́n bá sọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí àwọn ẹbí jókòó, kí wọ́n sì mú ìwé àti kálámù. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ dókítà pé ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò gbà, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló ni àyẹ̀wò ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé èwo nínú rẹ̀ ni ètò ìlera ìjọba lè gbé. Kí wọ́n bèèrè fún ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ nínú ilé-ìwòsàn náà, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Kí wọ́n fi owó mọ́tò kún un, àti owó oúnjẹ ẹni tí yóò tẹ̀ lé aláìsàn. Bí owó gbogbo kò bá tíì pé, kí a mọ ibi tí ìyókù yóò ti wá kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí á sì sọ ọ́ fún dókítà ní gbangba. Òun lè yan ọ̀nà tí agbára yín lè gbé dé òpin.

Kí a yan ẹnìkan, kì í ṣe gbogbo ilé, tí yóò máa bá a lọ nígbà gbogbo, tí yóò máa tọ́jú káàdì, tí yóò sì mọ nọ́ńbà fóònù tí a lè pè. Bí ìbátan kan bá wà ní Ìlọrin, kí a bá a sọ ọ́ ní kùtùkùtù pé aláìsàn lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ oògùn. Ìrìn láti Òkè-Òyì padà sí Àgbàmú pẹ̀lú inú rírú kì í ṣe ohun tí a ń fi dánwò.

KÍ A KA ỌJỌ́

Ọjọ́ tí a gba oògùn ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri tàbí sára kàlẹ́ńdà. Àwọn oògùn kan pupa bí sóbò. Bí ìtọ̀ bá pupa ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe pariwo, àwọ̀ oògùn ni. Ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta àkọ́kọ́, oògùn ṣì ń jáde nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì. Kí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí aboyún má sì ṣe fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí ya aláìsàn sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ bá a jókòó, ẹ dì mọ́ ọn, kí ọmọ rẹ̀ gun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni èébì ń pọ̀. Oògùn wà fún un. Kí aláìsàn lò ó kí inú tó rú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti bì tán. Kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ dípò abọ́ iyán ńlá kan. Ẹ̀kọ, ẹ̀wà tí ó jinná, ẹja, ẹyin tí a sè gidi, ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Bí òórùn ọbẹ̀ bá ń lé e, ẹ sè é lẹ́yìnkùlé, kí ẹ sì gbé e fún un nígbà tí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ó máa mu omi púpọ̀ bí dókítà bá ti gbà á láyè.

Láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀ jùlọ, tí àwọn ọmọ ogun inú ara kò sì pọ̀ mọ́. Ìgbà yìí gan-an ni ìbẹ̀rù wà, ó sì ń tan ni jẹ nítorí pé aláìsàn lè máa rẹ́rìn-ín, kí ó rò pé ó ti kọjá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí tẹmómítà fi dé 38, tàbí bí òtútù bá ń mú un tí ó ń gbọ̀n, ilé-ìwòsàn ni ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ gbọ́ dáadáa: ẹ má ṣe pè é ní ibà. Nílẹ̀ wa, ara gbígbóná ni ibà, a ó ra oògùn ibà, a ó fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, a ó ní kí ó sùn kí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó gba kímò kò ní òru yẹn láti fi dúró. Ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, kí ẹ sọ pé kímò ni ó gbà àti ọjọ́ tí ó gbà á. Bí Ìlọrin bá jìnnà jù lálẹ́, ẹ gbé e dé ilé-ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán ná, kí ẹ sì sọ ohun kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a sá fún ohun tí ó lè gbé ìdọ̀tí wọ ara. Omi tí a sè ni kí ó mu. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí a sè é tàbí kí a dín in gidi, kí a sì fi nọ́nò tútù sílẹ̀. Kí a má ṣe sín gbẹ́rẹ́ fún un, kí a má ṣe fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nípa ìwo, nítorí ojú ọgbẹ́ kékeré lè di ńlá, ẹ̀jẹ̀ sì lè má dá. Bí àfáà bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí ó ka Àlùkùránì sí i létí, kí ó sì ṣe àdúà fún un. Hàǹtú tí a fọ̀ lára wàláà, tí a kò mọ bí omi rẹ̀ ti rí, kí ó dúró dìgbà mìíràn. Kí ó fi bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ẹnu dípò pákò líle tí ń gé ẹran ìdí eyín. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí dára fún yíyọ ẹnu. Kí ó sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Kí ó yẹra fún òde ìnáwó àti èrò ọjà. Bí ó bá gbọdọ̀ dé oko, kí ó má ṣe fi ọwọ́ lásán di ọkọ́ àti àdá mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, agbára a máa padà. Kí ó fi ìgbà yìí ṣe ọjà díẹ̀, kí ó kí ẹbí, kí ó jẹun dáadáa, nítorí èkejì ń bọ̀.

TI IRUN ÀTI TI Ọ̀RỌ̀ ẸNU

Kì í ṣe gbogbo kímò ní ń re irun, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá máa re é, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Obìnrin tí ó jí, tí ó sì rí irun rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́ ju bí abẹ́rẹ́ ti bà á jẹ́ lọ. Ó sàn kí ó gé e mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì ra ìborùn rírọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe sọ pé ojú yín kò rí i, ẹ má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Irun náà yóò hù padà láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ni kì í padà.

Àwọn tí ń wá kí i náà, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ má ṣe ka orúkọ àwọn tí irú rẹ̀ pa sí i létí. Bí ẹ bá ń húkọ́, ẹ dúró sílé kí ẹ fi fóònù kí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oore, ẹ má ṣe bi í pé kí ni ó fẹ́. Ẹ pọn omi, ẹ fọ aṣọ ọmọ rẹ̀, ẹ bá a ro oko rẹ̀ tí igbó ń bò.

TI ÌJỌ́SÌN

Ìsìláàmù ti gbé ìnira kúrò fún aláìsàn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gbé e padà. Ẹni tí kò lè dúró kírun, kí ó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kí ó dùbúlẹ̀. Bí ó bá ṣòro fún un, ó lè so Àílà pọ̀ mọ́ Àlásárì, kí ó sì so Màgàríbà mọ́ Ìṣáì. Bí omi yóò bá pa á lára, kí ó ṣe tàyámámù. Bí wọ́n bá lẹ nǹkan mọ́ ojú iṣan rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ tútù pa orí rẹ̀, kí ó má ṣe tú u. Jímọ̀ kò di ọ̀ranyàn lé e lórí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Bí Rámádánì bá bá a lẹ́nu rẹ̀, kí ó jẹun, kí ó mu omi. Ọlọ́run Ọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún aláìsàn nínú Suratul Bakara. Omi tí ó ń mu ni ó ń dáàbò bo kíndìnrín rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oògùn kan. Bí ara bá yá, yóò san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Bí àìsàn náà bá jẹ́ èyí tí a kò retí pé yóò lè gbààwẹ̀ mọ́, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń fi ojú burúkú wo aláìsàn tí ń jẹun lọ́sàn-án Rámádánì, àánú Ọlọ́run ni ó ń fi ojú burúkú wò.

TI ÀWỌN ARÁ MỌ́SÁLÁSÍ

Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ̀yin aṣíwájú ẹgbẹ́ asalatu, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Àdúà yín dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Nínú àwọn ẹni mẹ́jọ tí Suratu Taoba ka pé sàká tọ́ sí, tálákà wà níbẹ̀, aláìní wà níbẹ̀, onígbèsè wà níbẹ̀. Aláìsàn tí oògùn ti sọ di ọ̀kan nínú wọn kò ṣàjèjì sí owó náà. Bí ẹgbẹ́ asalatu kan bá gbà pé owó mọ́tò ìlọ mẹ́fà ti ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan wà lọ́rùn àwọn, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ju aṣọ ẹgbẹ́ lọ. Ọlọ́kọ̀ tí ń ná Ìlọrin lè fún un ní ìjókòó iwájú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ oògùn. Ẹni tí ó ti lọ Hájì rí, tí ó tún ń kó owó jọ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ó wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ná kí ó tó san owó náà.

Kí a má ṣe gbàgbé ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Òun náà ń ṣàìsùn, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró, kò sì sí ẹni tí ń kí i kú ìrọ́jú. Ẹ gbà á ní ọjọ́ kan kí ó sinmi.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá gba kímò ni yóò sàn. Àwọn kan ń gbà á kí àrùn lè kúrò pátápátá, àwọn kan ń gbà á kí ó lè rọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n lè rí ọjọ́ díẹ̀ sí i lò pẹ̀lú ọmọ wọn. Kí a bi dókítà pé èwo ni tiwa, kí a sì gba ìdáhùn rẹ̀ bí ọmọlúwàbí. Èyí tí ó wà ní ọwọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ Rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n owó mọ́tò, omi sísè, tẹmómítà, ìjókòó lẹ́bàá ibùsùn àti kíka ọjọ́ sára ògiri, ọwọ́ tiwa ni gbogbo wọn wà, àwọn náà ni a ó sì bi wá léèrè.

Kí Ọlọ́run Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù, kí ó má sì jẹ́ kí a já wọn jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmín.